Kúbùsù Orí Ebè Ìkẹyìn

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, omi ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti dì gbagidi, ẹnu ẹ̀rọ náà sì ti là. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi òkúta fọ́ yìnyín inú garawa kí wọ́n tó rí omi bọ́jú. Mo wọ ilé ọ̀rá lọ láti ka tẹmómítà tí a so rọ̀ sókè ebè tó wà ní ìpẹ̀kun, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe láràárọ̀. Mo kà á. Mo fi etí aṣọ nu ojú dígí rẹ̀, mo tún un kà. Mẹ́tàdínlógójì ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. A óò padà sí i.

Ní Ha Lepolesa, lókè Mokhotlong níbí, bí oṣù kẹfà tí ìgbà òtútù wa ń bẹ̀rẹ̀ bá ti wọlé, gbogbo ewé ìta ti kú. Inú ilé ọ̀rá nìkan ni nǹkan ti ń hù: igi tí a tẹ̀ bí ọrun, tí a sì fi ọ̀rá tó nípọn bò láti òkè délẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé ló ni ín. Èmi Mamokhele, tísà iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Mme, èyí ni ìyá, ni mo ń kọ́ wọn bí ooru ibẹ̀ kò ṣe ní sá. Ẹ̀kọ́ náà kò le. Ẹ kun àgbá ní dúdú, ẹ pọn omi kún un, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti lè rí i. Omi a máa jẹ oòrùn lọ́sàn-án, a sì máa pọ̀ ọ́ bí òtútù bá dé. Ẹ fi amọ̀ dí gbogbo ihò. Ẹ ri ìgbẹ́ ẹṣin mọ́ abẹ́ ebè, yóò máa gbóná fúnra rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ ẹ̀yìn òkè, ẹ da aṣọ àti àpò bo irúgbìn yín. Gbólóhùn kan sì wà tí mo ti ń kọ sára pátákó láti ọdún méjìdínlógún: Ooru kì í ti inú òfo wá. Ibi tó wà ni í ti ń kúrò lọ síbi tí kò sí.

Lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn, bí a bá rí mẹ́wàá lára tẹmómítà láàárọ̀ oṣù keje, ijó ni a ó jó. Mẹ́tàdínlógójì kì í ṣe ooru ilé ọ̀rá rárá. Mo sì mọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Òun ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ sílẹ̀ bó bá yọ tẹmómítà kúrò lábíyá ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Moliehi ló kúnlẹ̀ ti ebè náà. Opó ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Motlalepula ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó bá òjò dé. Yìnyín ló bá lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú, yìnyín ká a mọ́ ibùdó ẹran lórí òkè. Nígbà tí wọ́n rí i, ó jókòó ti àpáta, ó ti gan, ẹ̀wù kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti bọ́ kúbùsù rẹ̀, ó fi wé ọ̀dọ́ àgùntàn méjì. Àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn náà wà láàyè.

"Moliehi, ta ló dáná síbí?"

"Kò sẹ́ni tó dáná, Mme Tísà." Kò gbójú sókè.

"Ooru ebè yìí ńkọ́?"

"Ṣebí ooru náà la ń wá?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ kọ́ wa bí a ó ṣe pè é. Ó wá dé tán, ẹ tún ń bi í léèrè ọ̀nà tó gbà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bu tíì sínú kọ́ọ̀bù irin fún un, ó ń rú èéfín. Bó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì gbá kọ́ọ̀bù náà mú, èéfín dáwọ́ dúró. Kò dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fìtílà pa.

"Ṣé ara rẹ yá?"

"Òtútù ló ń mú mi díẹ̀, Mme."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ohun tó wà lórí ebè dáadáa. Láàárín àpò àti àkísà tí a fi ń bo irúgbìn, kúbùsù kan wà níbẹ̀, onírun àgùntàn, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, tí a ya ṣírí àgbàdo sí lára. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń dá ọkùnrin mọ̀ lókèèrè nípa kúbùsù èjìká rẹ̀, kí a tó rí ojú rẹ̀.

"Moliehi! Ṣé kì í ṣe ti Motlalepula nìyí?"

"Ẹ rọra, Mme. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin náà. Bí ènìyàn bá kú, inú àpótí ni aṣọ rẹ̀ ń wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn opó. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa ń pín in. Malome, èyí ni arákùnrin ìyá òkú, ni yóò kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú. Ó ku oṣù kan kí ọjọ́ Motlalepula pé.

"Ẹ̀yin náà mọ Malome," Moliehi sọ fún mi lábẹ́ ohùn. "Ọkùnrin tí kì í pàdánù ìpín! Kúbùsù ni yóò mú, mo mọ̀ ọ́n. Kó kó ẹ̀wù, kó kó bàtà, kó gbé gàárì ẹṣin. Èyí nìkan ni òórùn ọkọ mi ṣì wà lára rẹ̀. Mo yọ ọ́ nínú àpótí. Ta ni yóò wá aṣọ òkú wá sórí ebè kábéèjì?"

Ó yẹ kí n mú un lọ́wọ́, kí a jọ dá a padà. Mo wo kábéèjì tó wà lábẹ́ rẹ̀: wọ́n ti fi ìka mẹ́ta ga ju àwọn yòókù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ewé wọn ń dán. Mo dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín.

Mo ṣe ohun tí tísà máa ń ṣe, mo ṣí ìwé. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Moliehi fi tẹmómítà náà sí abíyá. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe, àmọ́ ó fi sí i. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tí ara rẹ̀ bá tutù tó bẹ́ẹ̀, orí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ló yẹ kó wà, kó má sì mọ orúkọ ara rẹ̀. Moliehi gbé garawa, ó lọ pọn omi. Lọ́jọ́ kẹta, ó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo fa ìlà sí àárín ojú ewé, mo kọ "Ebè" sí apá kan, mo kọ "Moliehi" sí ìkejì. Abẹ́ Ebè kò yí padà, mẹ́tàdínlógójì ni. Abẹ́ Moliehi ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó fi odindi ọjọ́ kan lọ ṣa ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí a fi ń dáná ní àfonífojì, ebè náà jò wálẹ̀ sí ogún, ó sì dìde kíá bó ṣe padà kúnlẹ̀ tì í.

Mo fi ìwé náà hàn án. Ó wò ó bí ìgbà tí mo fi èsì ìdánwò tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ hàn án.

"Òtútù ló ń mú u, Mme," ó ní. "Bí mo bá wà níbẹ̀, kì í mú u mọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Yóò pa ọ́, Moliehi."

"Òun ò pa ẹnikẹ́ni rí. Àgùntàn pàápàá, kò jẹ́ kó kú."

Mo nawọ́ sí kúbùsù náà. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ìka rẹ̀ dà bí ẹnu ẹ̀rọ ìjọsí, awọ ọwọ́ mi sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹ má ṣí i! Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i! Òtútù ò ní pa á lẹ́ẹ̀mejì."

Ọjọ́ náà ni mo ránṣẹ́ pe Malome, láìsọ fún Moliehi.

Ọjọ́bọ̀ ló dé, lọ́sàn-án, bí yìnyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ntate Sekhonyana, ìyẹn Bàbá Sekhonyana, lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ló ń pè é ní Malome. Arúgbó kúkúrú ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó so ẹṣin rẹ̀ mọ́ òpó ìta, ó tẹ orí ba, ó wọlé.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí wọ́n dì sínú ọ̀rá bí ìyẹ̀fun àgbàdo!"

"Ẹ tilẹ̀kùn, Malome," mo ní, "ooru ń sá."

Ó tì í. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìpẹ̀kun ilé, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ kó tó padà wá. "Wákàtí mẹ́ta ni mo fi gun ẹṣin. Mo débí, mo bá a pé kábéèjì ti jogún mi. Moliehi, èwo nínú wọn ni àgbà, kí n kí i kú ọ̀fọ̀?"

"Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá wù yín." Moliehi ti dúró síwájú ebè náà, ó na apá méjèèjì. "Ẹ ò ní mú un. Ẹ ti ní kúbùsù mẹ́rin nílé. Gbogbo òkú ìdílé yìí lẹ ń wọ̀!"

"Mẹ́fà ni," Malome ní. Ó wá rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ó wo ètè rẹ̀. Kò ṣàwàdà mọ́. "Ọjọ́ wo lo mú un jáde?"

"Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí," èmi ni mo dáhùn.

Nígbà náà ni òkùnkùn ṣú bò wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Yìnyín ti bo ọ̀rá òrùlé. A gbọ́ ọ tó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, tó ń wó lulẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ìkẹta sì gùn ju àwọn ìyókù lọ. Ẹṣin Malome han lóde, okùn já, ìró pátákò rẹ̀ sì jìnnà lọ. Mo sáré lọ síbi ilẹ̀kùn. Ìta ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Mo tì í, kò mira. Malome fi èjìká tì í pẹ̀lú mi. Àfi bí ìgbà tí a ń ti òkè.

"Mo ní ọ̀bẹ," mo ní. "Kí n la ọ̀rá."

"Gbọ́ igi yẹn." Àwọn igi òrùlé ń ké lábẹ́ ẹrù orí wọn. "Bó o bá là á, gbogbo ohun tó wà lókè ló ń bọ̀ wá bá wa. Jókòó, Mamokhele. Wọn yóò wá wa."

Kò sí ìró kankan mọ́. Ẹni tí yìnyín bá ti bò mọ́lẹ̀ rí ló mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ènìyàn a máa gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Mo fọwọ́ kan àgbá omi tó sún mọ́ mi. Yìnyín ni, láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Gbogbo àgbá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti dì. Tòmátì ti dúdú, wọ́n ti rọ sílẹ̀. Èémí èmi àti Malome ń jáde bí èéfín. Mo wo ẹnu Moliehi. Kò sí nǹkan kan tó ń jáde níbẹ̀.

Síbẹ̀, tẹmómítà tó wà lókè ebè ìkẹyìn kò kúrò ní mẹ́tàdínlógójì.

Ibì kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Lókè ebè yẹn, yìnyín orí ọ̀rá ti yọ́. Mo gbójú sókè wò ó, mo sì fẹ́ kí ojú mi má rí i. Ibi tó yọ́ náà ní orí. Ó ní èjìká. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká orúnkún sáyà, bí ẹni tí òtútù mú sùn. Mo wo ìsàlẹ̀. Kúbùsù náà ga sókè bí èémí, ó sì lọ sílẹ̀. Mo kà á, bí ìyá ti ń ka èémí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Méjìlá láàárín ìṣẹ́jú kan.

Moliehi ti ń tú aṣọ dúdú ọrùn rẹ̀. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé etí kúbùsù náà sókè.

"Ó ti sún fún mi," ó ní. Inú rẹ̀ dùn, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "Ó ti fi àyè sílẹ̀."

Mo dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn. Mo wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Mo wá a títí. Ó lù lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúró pẹ́ púpọ̀ kó tó tún lù. "Malome, ó ń lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ó ń lọ!"

Arúgbó náà dìde. Ó ṣí fìlà. Ó bọ́ kúbùsù ara rẹ̀, ó fi wé Moliehi láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì gbé e jókòó sí ẹsẹ̀ mi bí ọmọ ọwọ́.

"Tísà," ó ní, "ìwọ lo ń kọ ọ́ sára pátákó pé ooru máa ń kúrò níbi tó wà lọ síbi tí kò sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Malome."

"Àwa ti mọ̀ ọ́n kí pátákó tó dé òkè yìí. Kí lo rò pé a fi ń fún malome ní aṣọ òkú? Ṣé mi ò láṣọ ni?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Ohun tó pa ènìyàn kì í bá a wọ ilẹ̀ tán. Díẹ̀ a máa kù sínú aṣọ rẹ̀. Ibà, ebi, òtútù. Ìyàwó ni yóò fẹ́ gbá a mọ́ra, nítorí náà ni ẹlòmíràn ṣe ń sáré gbé e. Èmi àti ìyá ọmọ yìí mu ọmú kan náà. Èmi ni mo kàn. Ẹ̀ ń pè é ní ogún. Ẹrù ni, ọmọ mi. Mẹ́fà ló wà nílé mi, mo sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa rí?"

"Ẹ̀ ń pè mí ní olójúkòkòrò, inú mi ń dùn. Bí opó bá mọ̀ pé ọkọ òun ṣì kù díẹ̀ nínú aṣọ, èwo ni yóò yọ̀ǹda fún mi?"

Ó kúnlẹ̀ síbi ebè. Ó fi ọwọ́ lé èjìká ohun tó wà lábẹ́ kúbùsù náà, bí a ti ń jí ẹni tó sùn.

"Motlalepula, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Malome rẹ ló dé. Àwọn àgùntàn yẹn ti dàgbà, méjèèjì, mo rí wọn bí mo ṣe ń bọ̀. O ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Ó tó. Tú ọwọ́ rẹ lára ọmọbìnrin yìí."

Kúbùsù náà ga sókè. Ó lọ sílẹ̀. Kò ga mọ́.

Malome fà á yọ, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ há a níbi ọrùn. Tẹmómítà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lójú mi: ọgbọ̀n, ogún, mẹ́sàn-án, méjì. Kábéèjì orí ebè náà dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀fọ́ tí omi gbígbóná dà lé. Moliehi fa èémí kan sínú bí ẹni tó yọ jáde nínú odò, ó sì kígbe "Joo!" Èéfín jáde lẹ́nu rẹ̀. Omijé rẹ̀ kán sí mi lọ́wọ́. Ó gbóná.

Ẹṣin Malome ló gbà wá. Ó sáré wọ àárín abúlé pẹ̀lú gàárì láìsí ẹni lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbé ṣọ́bìrì. Wọ́n wú ilẹ̀kùn jáde kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí a bọ́ síta, gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló ń mí èéfín, àfi Malome. Ó bojú wẹ̀yìn wo ilé ọ̀rá, ó ní, "Kábéèjì yín ti kú o. Ẹ dúró títí wọn yóò fi ṣọ̀fọ̀ tán, kí ẹ tó pín ewé rẹ̀." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bọ́ aṣọ dúdú lọ́rùn Moliehi ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní ìlú Mokhotlong báyìí, ó sì ti ń kọrin nídìí iṣẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Malome wá sí yàrá mi nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti rù. Ajá mi, tó máa ń sùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, sá jáde nílé bó ṣe wọlé. Ó gbé ìdì aṣọ kan ka orí tábìlì.

"Mẹ́fà yòókù, ohun inú wọn ti rọ̀," ó ní. "Èyí kò rọ̀. Mo jù ú síná, iná kú. Mo bò ó mọ́lẹ̀ ní oṣù kejìlá, nígbà tí oòrùn ń ta ẹni lórí, ilẹ̀ ibẹ̀ dì, mo tún wú u. Malome tèmi ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tí mo lè gbé e fún. Ìwọ lo ránṣẹ́ pè mí, Mamokhele, ìwọ lo sì rí i. Má jẹ́ kó dé ọwọ́ Moliehi. Òun ló máa kọ́kọ́ béèrè rẹ̀."

Kò lo ọ̀sẹ̀ kan láyé lẹ́yìn ìyẹn.

Àná ni Moliehi wá. Oṣù kẹfà ti wọlé, ilẹ̀ ti funfun, ẹnu ẹ̀rọ ti dì. Mo ń mu tíì lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, èémí rẹ̀ ń rú èéfín tó dára.

"Mme Tísà, wọ́n ní Malome fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín kó tó lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kúbùsù yẹn ńkọ́? Mo kàn fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kò sí níbí, ọmọ mi."

Kò lọ. Ó na ọwọ́ sínú yàrá bí ẹni tó ń yáná. Ó wo ìdí àdògán mi. Eérú ibẹ̀ ti pẹ́. "Yàrá yín gbóná o, Mme. Kí lẹ fi ń mú un gbóná?"

"Àgbá omi," mo ní. "Ẹ̀kọ́ àtijọ́."

Ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, kò rí àgbá kankan. Ó wo ojú mi, ó sì wo kọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ mi. Mo yí i sí ẹ̀yìn ìwé kí ó má baà rí i pé kò rú èéfín mọ́.

"Máa lọ, Moliehi," mo ní. "Kí o sì tilẹ̀kùn dáadáa. Ooru ń sá."

Ó tì í. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín títí kò fi dún mọ́. Mo ní a óò padà sí nọ́ńbà kan. Tẹmómítà tó wà lára ògiri, lókè àpótí tí mo tì pa, ni mò ń wò bí mo ti ń kọ èyí. Mi ò ní kà á fún yín.